Bí Ẹni Tó Ṣẹ̀ṣẹ̀ Ń Bẹ̀rẹ̀ Ṣe Lè Wọ Iṣẹ́ Ilé àti Ilẹ̀ ní Òṣogbo

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wọ iṣẹ́ ilé àti ilẹ̀ ní Òṣogbo ló gbà pé owó tàbí ojúlùmọ̀ ni ohun tí àwọn kò ní. Lójú tèmi, ìwádìí ni. Ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ lè fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá ilẹ̀ rí, ọmọ tó ń ṣeré lójú ọ̀nà sì lè fi ibi tí wọ́n ti ń tà á hàn án lọ́fẹ̀ẹ́. Ìdí tó fi ń wá alágbàtà ni kí ó lè mọ̀, pẹ̀lú ẹ̀rí, pé ẹni tó ń gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ ló ni ohun tó ń tà, pé ìjọba kò ní gbé katakata wá wó ilé rẹ̀, àti pé omi kò ní bá a nínú yàrá nígbà òjò. Ìdánilójú yìí ni ọjà tí ẹ ó máa tà. Nítorí náà, ọ̀rọ̀ bí a ṣe ń yẹ ilé àti ilẹ̀ wò ni yóò gba àyè jù nínú ohun tí mo fẹ́ kọ síbí. N kò ní pẹ́ lórí ìpolówó, nítorí pé kò sí ọ̀dọ́ Òṣogbo tó ní fóònù lọ́wọ́ tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń gbé àwòrán ilé sórí WhatsApp.

Ẹ kọ́kọ́ fi ilé rírẹ́ǹtì kọ́ iṣẹ́

Ọ̀nà mẹ́rin ni ènìyàn lè gbà jẹun nínú iṣẹ́ yìí. Ó lè máa bá onílé wá ayálégbé. Ó lè máa bójú tó ilé fún onílé tí kò sí nílùú. Ó lè jẹ́ alágbàtà ilẹ̀ tàbí ilé tí wọ́n fẹ́ tà. Ó sì lè fi owó ara rẹ̀ ra ilẹ̀, kí ó kọ́lé sí i tàbí kí ó fi í sílẹ̀ di ọjọ́ iwájú. Ìkẹta ni ojú gbogbo ènìyàn máa ń wọ̀, nítorí pé kọmíṣọ̀n rẹ̀ ló pọ̀ jù, ṣùgbọ́n òun náà ló máa ń gbé ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ṣe dé àgọ́ ọlọ́pàá. Bí alágbàtà bá bá ayálégbé ṣe àṣìṣe, owó ọdún kan ló wà nínú ewu. Bí ó bá bá ẹni tó ń ra ilẹ̀ ṣe àṣìṣe, gbogbo ohun tí ẹni náà fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ lè bá a lọ. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi ọdún àkọ́kọ́ ṣe ilé rírẹ́ǹtì àti bíbójú tó ilé, kí ẹ sì máa kọ́ ọ̀rọ̀ ilẹ̀ lábẹ́ ẹni tó ti pẹ́ nídìí rẹ̀.

Iṣẹ́ ilé rírẹ́ǹtì kò ṣọ̀wọ́n ní Òṣogbo. Láti ọjọ́ 27 oṣù kẹjọ ọdún 1991 tí wọ́n ti dá ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀, tí ìlú yìí sì di olú ìlú rẹ̀, ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ti ń wá ibi tí wọn yóò gbé tí kò ní jìnnà sí Abẹ́rẹ́ tí ọ́fíìsì wọn wà. Yunifásítì ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wà níbí, Fountain University wà níbí, ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn náà sì wà pẹ̀lú. Ohun tí àwọn ènìyàn wọ̀nyí ń fẹ́ kò jọra. Akẹ́kọ̀ọ́ ń wá yàrá kan tí kò wọ́n tó sì wà ní ìtòsí ọgbà ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀, kò sì ka ariwo sí. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru fẹ́ ibi tí yóò ti rí sùn lọ́sàn-án, tí ọ̀nà rẹ̀ kò sì ní dẹ́rù bà á bí ó bá ń bọ̀ lálẹ́. Òṣìṣẹ́ Abẹ́rẹ́ tó ní ìyàwó àti ọmọ yóò kọ́kọ́ bèèrè omi, ilé ẹ̀kọ́ àti ibi tí yóò gbé mọ́tò sí. Alágbàtà tó ń fi ilé kan náà han àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń fi epo jóná lásán ni.

Ẹ mú àdúgbò méjì tàbí mẹ́ta péré, kí ẹ sì mọ̀ wọ́n délé dékùlé. Ẹni tó bá mú Òkè-Fìà, Ògo-Olúwa àti Dada Estate yóò mọ nǹkan ju ẹni tó ń pe ara rẹ̀ ní alágbàtà gbogbo Òṣogbo lọ. Ẹ ní ìwé kan tí ẹ ń kọ nǹkan sí nípa ilé kọ̀ọ̀kan: ta ni onílé, yàrá mélòó ni, èló ni ayálégbé tó wà níbẹ̀ ń san, èló ni èyí tó ṣáájú rẹ̀ san, ṣé kànga ni wọ́n ń fà tàbí bọ́ọ̀hó, ṣé omi kànga náà máa ń gbẹ lóṣù kejì àti ìkẹta. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 tí wọ́n ti fowó kún iná àwọn tó wà ní Band A, àwọn tí wọ́n ṣèlérí iná wákàtí 20 lójoojúmọ́ fún, ọ̀rọ̀ Band ti wọ àwọn ohun tí ayálégbé máa ń kọ́kọ́ bèèrè. Ẹ mọ Band tí àdúgbò yín wà lọ́dọ̀ IBEDC, ilé iṣẹ́ tó ń pín iná fún wa, kí ẹ mọ̀ bóyá mítà kọ̀ọ̀kan ni ilé ní tàbí àpapọ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá gbèsè wà lórí mítà náà, nítorí pé ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé ni wọn yóò wá bá fún un.

Ẹ má ṣe fi ilé hàn títí tí onílé fúnra rẹ̀ yóò fi gbà pé kí ẹ fi í hàn, ì báà jẹ́ lórí ìwé tàbí lórí àtẹ̀jíṣẹ́ fóònù. Ní Òṣogbo, ilé kan lè wà lọ́wọ́ alágbàtà márùn-ún, kí olúkúlùkù sì máa dá iye tirẹ̀ lé e. Ẹni tí onílé mọ̀ nìkan ló lè sọ òótọ́ nípa iye náà. Ohun tó wọ́pọ̀ ni kí alágbàtà gba ìdá 10 nínú 100 owó ilé ọdún kan, kí ẹni tó kọ ìwé àdéhùn náà sì gba tirẹ̀ lọ́tọ̀. Bí ẹ ó bá gba owó fọ́ọ̀mù tàbí owó tí a fi ń lọ wo ilé, ẹ sọ ọ́ kí oníbàárà tó gbéra nílé. Àwọn kan wà tí owó fọ́ọ̀mù nìkan ni òwò wọn, tí wọn kò sì ní ilé kankan lọ́wọ́. Ìdí nìyí tí àwọn oníbàárà fi ń wo gbogbo wa tìfuratìfura, n kò sì lè bá wọn jà sí i.

Iṣẹ́ bíbójú tó ilé ni mo fẹ́ràn jù fún ẹni tó ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọ Òṣogbo ló kọ́lé sílé tí wọ́n sì ń gbé ní Èkó, ní Àbújá tàbí lókè òkun, tí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò tí wọ́n fi ilé lé lọ́wọ́ sì ti ná owó ilé náà mọ́ owó jíjẹ mímu. Ẹni tó bá ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀ fún owó onílé, tó ń fi ìròyìn àti àwòrán ránṣẹ́ lóṣooṣù, tó sì ń tọ́jú rìsíìtì káfíńtà àti púlọ́ńbà, kò ní pẹ́ kí onílé náà tó júwe rẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Nígbà ọdún Ọ̀ṣun lóṣù kẹjọ, irú àwọn onílé bẹ́ẹ̀ máa ń wálé, àlejò náà sì máa ń wá ibi tí wọn yóò sùn fún ìwọ̀n ọjọ́ díẹ̀; ilé tó mọ́, tó sì ní ibùsùn, lè rówó lásìkò náà.

Ẹ jẹ́ kí àdéhùn ilé wà lórí ìwé nígbà gbogbo, kódà bí ayálégbé bá jẹ́ ìbátan onílé. Kí orúkọ àwọn méjèèjì wà níbẹ̀, iye owó, ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí yóò parí, ẹni tí yóò máa tún ilé ṣe, àti iye àkókò ìkìlọ̀ tí ẹnì kan yóò fún ẹnì kejì kí ó tó kó jáde. Bí ìwé kò bá sọ nǹkan kan lórí ìkìlọ̀, oṣù mẹ́fà ni òfin sábà máa ń fún ẹni tó ń sanwó lọ́dọọdún, oṣù kan fún ẹni tó ń sanwó lóṣooṣù, lẹ́yìn èyí ni ìkìlọ̀ ọjọ́ méje kí onílé tó gbé e lọ sí kóòtù. Onílé tó bá ní kí ẹ bá òun yọ òrùlé tàbí ilẹ̀kùn ayálégbé ń gbé ẹjọ́ lé yín lórí. Ẹ kọ̀ fún un.

Ta ló ni ilẹ̀ tí wọ́n ń tà yìí?

Òfin Ìlò Ilẹ̀ tí ìjọba ológun ṣe ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ìkáwọ́ Gómìnà láti máa mójú tó o fún gbogbo ará ìlú. Síbẹ̀, ní ìgboro àti etí ìlú Òṣogbo, ẹbí ni ẹ ó máa bá dúnàádúrà, ibẹ̀ sì ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ilé ẹjọ́ ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ nípa ilẹ̀ ẹbí yẹ kí ó wà lórí yín bí àkọ́sórí. Bí olórí ẹbí bá ta ilẹ̀ ẹbí láì gba ohùn àwọn àgbà tó ń ṣojú ojúlé kọ̀ọ̀kan, àwọn àgbà náà lè pe ẹjọ́, kí wọ́n sì yí títà náà padà. Bí àwọn àgbà bá tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, kò tilẹ̀ sí títà kankan lójú òfin. Nítorí náà, olórí ẹbí gbọ́dọ̀ bu ọwọ́ lùwé, àwọn aṣojú gbogbo ojúlé gbọ́dọ̀ bu ọwọ́ lùwé, kò sì sí ọ̀rọ̀ "wọ́n ti gbọ́ sí i" níbẹ̀.

Báwo ni ẹ ó ṣe mọ àwọn tí ó yẹ kí ó bu ọwọ́ lùwé? Ẹ lọ bá Baálé agbo ilé náà nílé, kí ẹ kí i bí ó ti yẹ, kí ẹ sì jẹ́ kí ó sọ ìtàn. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, a fẹ́ mọ bí ilẹ̀ yìí ṣe délé yín" ti tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ bèèrè orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ náà dó, iye ìyàwó tó ní, iye ojúlé tó wà lónìí, àti bóyá wọ́n ti pín in. Bí wọ́n bá ti pín in, ẹ bèèrè bóyá ìdí-igi ni wọ́n fi pín in, ìyẹn ni pé kí ọmọ ìyàwó kọ̀ọ̀kan gba ìpín kan, tàbí orí-ò-jorí, tí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi gba tirẹ̀. Ìdáhùn yìí ni yóò sọ iye ènìyàn tí ẹ gbọ́dọ̀ rí. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ bèèrè ohun kan náà lọ́wọ́ ẹbí tó bá wọn pààlà, kí ẹ wò ó bóyá ìtàn méjèèjì bá ara mu. Mo máa ń gbọ́ kí àwọn ọ̀dọ́ sọ pé jíjókòó ti àwọn àgbà báyìí ń fi àsìkò ṣòfò. Ní ọdún 1976, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Nàìjíríà ka ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè fi hàn pé òun ló ni ilẹ̀: ìtàn ìṣẹ̀ǹbáyé, ìwé, lílo ilẹ̀ bí onílẹ̀ ti ń lò ó, pípẹ́ lórí rẹ̀, àti níní ilẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìwé kan péré ló wà nínú márààrún. Ẹnu àwọn àgbà àti ojú ààlà ni ẹ ó ti rí mẹ́rin yòókù.

Ẹ ṣọ́ra fún ẹni tó wà lórí ilẹ̀ nípasẹ̀ ìṣákọ́lẹ̀. Bàbá rẹ̀ lè ti dáko níbẹ̀ fún ogójì ọdún, kí ó gbin kòkó àti ọ̀pẹ, kí gbogbo àdúgbò sì máa pe ibẹ̀ ní oko rẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣákọ́lẹ̀ tó ń san fún onílẹ̀ fi hàn pé àlejò ni. Àwọn ọmọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló máa ń wá ta ilẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú nígbà tí bàbá wọn bá kú. Bákan náà ni ilé tí bàbá fi sílẹ̀ láìṣe ìwé ìhágún: ilé náà ti di ti gbogbo ọmọ, Dáwódù sì ni olórí wọn. Ọmọ kan ṣoṣo kò lè tà á, bó ti wù kí ìwé ilé pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ tó. Ẹ bèèrè ìwé àṣẹ tí kóòtù gíga fún àwọn tó ń bójú tó ohun ìní olóògbé náà.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tó jẹ mọ́ ìlú wa gan-an. Òṣogbo ti ta kọjá ìjọba ìbílẹ̀ Òṣogbo àti Ọlọ́rundá, ó ti kan Ìdó-Ọ̀ṣun àti Ọ̀fàtẹ̀dó tó wà ní Ẹ̀gbẹ́dọ̀rẹ́. Alágbàtà lè pe ilẹ̀ kan ní Òṣogbo nítorí pé orúkọ náà ń tà, kí ó sì jẹ́ pé ìlú mìíràn ló ni ín, tí ọba mìíràn ló ń bojú tó o, tí ọ́fíìsì mìíràn ni ẹ ó sì ti gba ìwé àṣẹ ilé kíkọ́. Ẹ mọ ìjọba ìbílẹ̀ tí ilẹ̀ wà kí ẹ tó polówó rẹ̀, kí ẹ sì bèèrè bóyá ẹbí méjì láti ìlú méjì ń fà á mọ́ra wọn lọ́wọ́. Ẹni tó bá lè ṣe é, kí ó rán agbẹjọ́rò lọ sí ọ́fíìsì kóòtù láti wò ó bóyá ẹjọ́ wà lórí ilẹ̀ náà.

Ilẹ̀ tí ẹbí kò lè tà

Ẹbí lè jẹ́ onílẹ̀ tòótọ́, kí wọ́n fohùn ṣọ̀kan, kí ilẹ̀ náà sì jẹ́ èyí tí ìjọba ti gbẹ́sẹ̀ lé láti ìgbà pípẹ́. Ibi tí ọ̀pọ̀ owó ti ń ṣègbé nìyí, nítorí pé kò sí ẹni tó parọ́ fún ẹnikẹ́ni. Sọ́fíyọ̀ tó ní ìwé àṣẹ ni yóò gbé àwọn nọ́ńbà tó ń tọ́ka sí ibi tí ilẹ̀ náà wà gan-an (coordinates) lọ sí ọ́fíìsì àgbà sọ́fíyọ̀ ìpínlẹ̀, kí wọ́n fi wé máàpù ìjọba, kí wọ́n sì sọ bóyá ó bọ́ sínú ilẹ̀ ìjọba tàbí kò bọ́ sí i. Ẹ ṣe èyí kí ẹnikẹ́ni tó san kọ́bọ̀. Ilẹ̀ pápákọ̀ òfurufú ní Ìdó-Ọ̀ṣun àti ilẹ̀ rélùwéè tó la ìlú kọjá jẹ́ àpẹẹrẹ tí gbogbo wa mọ̀. Ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin láti ọdún gbọọrọ kò sọ ilẹ̀ náà di ti onísọ́ọ̀bù.

Iná mànàmáná ní ti Òṣogbo lọ́tọ̀. Ìlú wa ni ibùdó tí wọ́n ti ń darí ìpín iná gbogbo orílẹ̀-èdè wà, nítorí náà àwọn wáyà ńláńlá wọ ìlú láti ọ̀nà púpọ̀. Ilẹ̀ abẹ́ wáyà 330kV jẹ́ ti wáyà náà ní ìbú mítà 50, mítà 25 lápá ọ̀tún àti 25 lápá òsì. Ti 132kV jẹ́ mítà 30. Ilẹ̀ abẹ́ wáyà máa ń rọ̀jú, àwọn tó ń tà á sì máa ń sọ pé "ṣebí àwọn kan ti kọ́lé síbẹ̀." Lóòótọ́ ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ẹ mú téèpù lọ, kí ẹ wọ̀n ọ́n fúnra yín láti àárín wáyà.

Odò Ọ̀ṣun àti àwọn odò kéékèèké tó ń ṣàn wọ inú rẹ̀ ń béèrè ọgbọ́n mìíràn. Ilẹ̀ tí ẹ rí lóṣù kejì tó gbẹ táútáú lè di àbàtà lóṣù kẹsàn-án. Ẹ lọ wò ó lẹ́yìn òjò ńlá, kí ẹ wo ara ògiri ilé tó wà nítòsí bóyá àmì omi wà níbẹ̀, kí ẹ sì bèèrè lọ́wọ́ ìyá tó ń ta ata nítòsí, ẹni tí kò ní kọmíṣọ̀n kankan láti gbà. Ní ti igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé ohun àjogúnbá gbogbo ayé ní ọdún 2005, ilẹ̀ tó yí i ká pẹ̀lú ní òfin tó dè é, nítorí náà ẹ má ṣe bá ẹnikẹ́ni ta ilẹ̀ ní etí igbó náà láì kọ́kọ́ bèèrè lọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ.

Ìwé àti owó

Rìsíìtì nìkan kò sọ ẹnikẹ́ni di onílẹ̀ lójú òfin. Ó kàn ń fi hàn pé owó ti kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹnì kejì ni. Ìwé àdéhùn títà, tí ó ní orúkọ, ọwọ́, ẹlẹ́rìí, iye owó àti ìwọ̀n ilẹ̀ tó bá sọ́fè (àwòrán ilẹ̀ tí sọ́fíyọ̀ yà) mu, ni ó yẹ kí oníbàárà yín gbà, agbẹjọ́rò sì ni kí ó kọ ọ́. Òfin kò gba alágbàtà láyè láti máa gbowó kọ irú ìwé bẹ́ẹ̀, ẹ má sì ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi fọ́ọ̀mù tó rà ní ọjà tàn yín. Lẹ́yìn náà ni ìyọ̀ǹda Gómìnà tí Òfin Ìlò Ilẹ̀ béèrè fún nígbà tí ilẹ̀ tó ti ní C of O (ìwé ẹ̀rí ẹ̀tọ́ ìlò ilẹ̀ tí Gómìnà ń fúnni) bá ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ní ọdún 1989, ilé ẹjọ́ gíga jù lọ sọ pé àdéhùn tí kò ní ìyọ̀ǹda yìí kò lẹ́sẹ̀ ńlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí oníbàárà mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé owó sọ́fè, owó agbẹjọ́rò àti owó ìforúkọsílẹ̀ yóò tún wà lẹ́yìn owó ilẹ̀, kí ó má baà rò pé ẹ fi nǹkan pa mọ́ fún un.

Owó gbọ́dọ̀ gba báńkì kọjá, láti àkáǹtì ẹni tó ń rà lọ sí àkáǹtì ẹbí tàbí ẹni tó ń tà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí owó ilẹ̀ wọ àkáǹtì yín bí ẹ bá lè yẹra fún un. Yàtọ̀ sí pé èyí ń dáàbò bo orúkọ yín, òfin tí wọ́n ṣe ní ọdún 2022 lòdì sí fífọ owó àìmọ́ kò fàyè gba kí ẹnì kan san tàbí gba ju ₦5,000,000 lọ ní owó ọwọ́, tàbí kí ilé iṣẹ́ kan gba ju ₦10,000,000 lọ. Òfin náà ka àwọn alágbàtà ilé àti ilẹ̀ mọ́ àwọn tó gbọ́dọ̀ forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ SCUML, ẹ̀ka kan lábẹ́ EFCC. Ẹ forúkọ òwò yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC, kí ẹ tó lọ sí SCUML. Ẹni tó bá fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ní estate surveyor gbọ́dọ̀ mọ̀ pé iṣẹ́ tó ní ẹ̀kọ́ àti ìwé àṣẹ tirẹ̀ lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ ESVARBON ni. Ẹ má ṣe kọ ọ́ sí káàdì yín bí ẹ kò bá gba ìwé náà.

Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ra tiyín

Ẹ mọ ìwọ̀n kí ẹ tó mọ iye. Lọ́dọ̀ wa, ẹsẹ̀ 50 ní 100 ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní pílọ́ọ̀tì kan, ẹni tó ti Èkó wá sì lè ní ẹsẹ̀ 60 ní 120 lọ́kàn. Ká ní wọ́n pe èkíní ní ₦3,000,000 tí wọ́n sì pe èkejì ní ₦3,900,000. Èkíní jẹ́ ẹsẹ̀ onígun mẹ́rin 5,000, ìyẹn ₦600 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èkejì jẹ́ 7,200, ìyẹn bíi ₦542. Èyí tí ẹ rò pé ó wọ́n ló rọ̀jú. Bí ẹ bá dáwó jọ ra éékà kan, 43,560 ni ẹsẹ̀ onígun mẹ́rin inú rẹ̀, pílọ́ọ̀tì 50 ní 100 méje ni ẹ ó sì rí nínú rẹ̀ bí ẹ bá yọ ọ̀nà tó ṣeé gbé mọ́tò kọjá sílẹ̀. Ẹni tó ń ṣèlérí mẹ́jọ fún yín kò ní yọ ọ̀nà.

Ní ti ilé tí ẹ fẹ́ máa gbowó lórí rẹ̀, ẹ má ṣe ka owó ọdún lódindi. Ká ní ilé kan gba ₦20,000,000 lọ́wọ́ yín tó sì ń mú ₦1,200,000 wọlé lọ́dún. Bí ẹ bá yọ ₦120,000 fún alágbàtà, ₦200,000 fún oṣù méjì tí ilé ṣófo, àti ₦100,000 fún àtúnṣe, ₦780,000 ló kù, tí kò tó ₦4 lórí ₦100 kọ̀ọ̀kan tí ẹ ná. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún àwọn tó ń bẹ̀rẹ̀ pé ilẹ̀ tó ní ìwé, ní ibi tí ọ̀nà ti ń dé bọ̀, sàn fún owó kékeré ju ilé rírẹ́ǹtì lọ. Ẹ má sì ṣe yá owó èlé ra èyíkéyìí nínú méjèèjì.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá sanwó, ẹ jẹ́ kí sọ́fíyọ̀ ri àwọn òkúta ààlà tó ní nọ́ńbà mọ́lẹ̀ níṣojú olórí ẹbí àti àwọn tó bá yín pààlà, kí ẹ sì ya àwòrán gbogbo wọn. Ẹ gbin pèrègún sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí àwọn bàbá wa ti ń ṣe, nítorí pé òkúta ṣeé hú ní òru kan, pèrègún tó ti fìdí múlẹ̀ kì í ṣòro fún ẹnikẹ́ni láti rí. Bí ẹ kò bá tíì lówó fẹ́ńsì, ẹ lè gba àgbẹ̀ kan láyè láti gbin àgbàdo síbẹ̀ lọ́dún kan lọ́dún kan, ṣùgbọ́n kí ó bu ọwọ́ lu ìwé pẹlẹbẹ kan tó sọ pé yíyá ni ó yá a, pé yóò kúrò nígbà tí ẹ bá ní kí ó kúrò, àti pé kò gbọdọ̀ gbin kòkó, ọ̀pẹ tàbí igi mìíràn tó ń pẹ́. Láàárín oṣù kan náà, kí agbẹjọ́rò yín ti gbé ìwé lọ sí Abẹ́rẹ́ fún ìforúkọsílẹ̀, kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ yín, kí òmíràn sì wà lọ́wọ́ ẹni tí ẹ gbẹ́kẹ̀ lé tí kò gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú yín.